Ọjọ́ Tí Erin Dúró Láàárín Réwáyà àti Télọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Réwáyà jẹ́, ẹ má wo mọ́tò oníbàárà tó tún ṣe, mọ́tò tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò. Ti oníbàárà, á tò ó bí ẹni tó ń di irun ìyàwó tuntun: wáyà pupa síbi pupa, dúdú síbi dúdú, á fi téèpù wé e, á tún fi aṣọ nù ún. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù ló ti ń ṣe iṣẹ́ iná mọ́tò, irùngbọ̀n ọ̀hún sì ti ń funfun báyìí. Kò sí ẹni tó gbé mọ́tò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó padà wá ráhùn. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ tó ń gùn, ẹ jẹ́ n má purọ́ fún yín, àkísà ni.

Ibi tí wọ́n ti ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú mọ́tò náà ti bàjẹ́ tipẹ́: kọ́kọ́rọ́ á yí, ṣùgbọ́n iná ò ní dé ẹ́ńjìnnì. Dípò kó ra òmíràn, ọ̀gá wa yìí dá ọgbọ́n kan. Ó fa iná láti ara wáyà họ́ọ̀nù, ó gbé e gba abẹ́ dáṣíbọọ̀dù lọ síbi tó ń jí ẹ́ńjìnnì. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti yí kọ́kọ́rọ́, họ́ọ̀nù á kọ́kọ́ ké, irú igbe tó ń jí ọmọ ọwọ́ lójúlé kẹta, kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìgbà tó bá ń jáde. Ìyàwó rẹ̀ bá a sọ ọ́ títí ó fi sú u. Ó ní lọ́la ni òun máa tún un ṣe. Ọ̀la yẹn ti di ọdún mẹ́ta, fònídónìí, fọ̀la-dọ́la. Èyí tó wá burú jù ni pé wáyà pupa tó ṣẹ́kù nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ló fi so gbogbo rẹ̀. Pupa lọ, pupa bọ̀. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi àwọ̀ ṣe, ṣé òun ò mọ ohun tí òun so ni.

Télọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ògiri kan péré ló sì pààlà ṣọ́ọ̀bù wọn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì Télọ̀ láti kékeré. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò nílò ọ̀pá. Ó ti rán aṣọ fún àwọn tó ń lọ ṣe fàájì létí òkun, ó ti rán fún atukọ̀, òun alára ò fojú kan òkun rí. Ẹni kẹta wọn ni Tíṣà, tó kọ́ àwọn méjèèjì ní kíláàsì kẹrin, tó sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí iṣẹ́ bá ti parí, á wá bá wọn ta díráàfù. Ó ti di ọ̀rẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé pé òun ló kọ́ wọn ní a bí dí.

Réwáyà ló dá a lábàá pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ojú ọ̀nà etí òkun lọ títí dé ibi tó parí sí, kí Télọ̀ náà lè rí omi tó ń rán aṣọ rẹ̀ fún èèyàn. Télọ̀ ní òun máa lọ, bí Réwáyà bá tú wáyà họ́ọ̀nù yẹn kúrò. Réwáyà ní kò sí wàhálà, kó tó dọjọ́ tí àwọn máa gbéra, ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́, họ́ọ̀nù sì ké. Télọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ju báàgì rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó wọlé. Tíṣà ní tirẹ̀ ti pàṣẹ pé kí Réwáyà fi àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílé, pé ìsinmi ni wọ́n ń lọ, wọn ò lọ síṣẹ́.

Ọjọ́ kìíní dùn, kí n má parọ́. Òkun wà lápá òsì wọn látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, igbó wà lápá ọ̀tún. Télọ̀ yọrí síta bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò. Wọ́n rí ọ̀nì kan tó ń yáàrùn lẹ́nu odò, Tíṣà ní igi ni, ó ń jiyàn lọ títí igi fi ya ẹnu. Níbi tí wọ́n ti dúró jẹun, ọ̀wọ́ ọ̀bọ já wálẹ̀, wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n sì mú fìlà Tíṣà mọ́ ọn. Ọ̀kan gbé fìlà náà gun orí igi, ó ń wo Tíṣà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Réwáyà wọ mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́, họ́ọ̀nù ké, ọ̀bọ fọ́n ká, fìlà sì já bọ́. Ó ní ṣé wọ́n ti wá rí i pé họ́ọ̀nù òun níṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé ibi tí wọ́n fi ọ̀pá irin dábùú ọ̀nà. Obìnrin kan tó ń ṣọ́ igbó náà jáde wá bá wọn, bàtà òjò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní títì parí síbẹ̀, orí iyanrìn etí omi gan-an ni wọ́n máa gbà dé abúlé tó kàn. Òkun ti fà sẹ́yìn báyìí, àmọ́ tó bá ti kún padà, ó máa dé ẹsẹ̀ igi, nítorí náà kí wọ́n má ṣe jáfara. Ó tún ní erin ń jáde sí etí òkun lásìkò yìí, pé abo kan wà láàárín wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mọ́tò tó bá ń lọ jẹ́jẹ́ ò kàn án, ariwo ni kò fẹ́. Ẹnìkan tẹ họ́ọ̀nù sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì fi iwájú orí ti mọ́tò ọ̀hún ṣubú, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti fò jáde.

Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Télọ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kó ṣe tán. Ó ní kí Réwáyà tú wáyà yẹn kúrò kí táyà tó kan iyanrìn. Réwáyà ní irinṣẹ́ dà? Ó ní kò tiẹ̀ le: ìgbà tí wọ́n bá ń tan mọ́tò nìkan ni họ́ọ̀nù ń ké, bí òun ò bá sì ti pa ẹ́ńjìnnì, kí ló máa mú kó ké? Òun ò ní pa á títí wọ́n á fi dé abúlé. Ó béèrè bóyá ìyẹn ò tó. Télọ̀ ní ó tó, ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́ lórí iyanrìn títí Télọ̀ fi kígbe pé kí wọ́n dúró. Ìjàpá òkun kan ló rí, tó fẹ̀ tó ìdajì tábìlì tí òun fi ń gé aṣọ. Ó ti yé ẹyin rẹ̀ tán lókè, ó ń wọ́ padà sínú omi, á rìn díẹ̀, á sinmi, á mí kanlẹ̀. Télọ̀ ò dúró gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ó ti sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ń rì sínú iyanrìn bó ṣe ń lọ bá a. Réwáyà náà ṣílẹ̀kùn kó lè wò ó.

Ẹ wá wo ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lè fojú ẹni rí. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ iná mọ́tò kì í bọ́ sílẹ̀ láì pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí Réwáyà wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, sípánà ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń gbá a lọ́wọ́ bó bá gbàgbé. Bó ṣe fẹsẹ̀ kan kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi kọ́kọ́rọ́, ó sì pa á. Orí rẹ̀ ò mọ̀ sí i rárá. Ìgbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́, tó ku ìró omi nìkan, ló tó mọ ohun tó ṣe. Tíṣà wò ó. Télọ̀ náà gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Ó yíjú padà láti ọ̀ọ́kán, ó ní tí àwọn bá délé, òun máa fi ẹ̀rọ rán ọwọ́ yẹn mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

Wọ́n wo ìjàpá fúngbà díẹ̀. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Tíṣà, Réwáyà sì bá a padà sínú mọ́tò. Télọ̀ ní òun máa sin àlejò òun dé ẹnu ọ̀nà. Ó tẹ̀lé ìjàpá náà títí omi fi gbé e lọ, ó wá jókòó sórí ìtì igi kan tó ṣubú sétí omi, ó ń wo òkun. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbádùn ara rẹ̀. Ta ló máa lè lé e dìde níbẹ̀?

Igi kan ṣẹ́ nínú igbó. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí", bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Erin ni wọ́n rí. Abo ni, ó jáde láti inú igbó bí ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀lé e, ó ń fi imú kékeré rẹ̀ gbá iyanrìn. Ó rìn sọ̀kalẹ̀, ó sì dúró. Ibi tó dúró sí, mọ́tò wà lọ́wọ́ kan, Télọ̀ àti ìtì igi wà lọ́wọ́ kejì, òkun wà lẹ́yìn Télọ̀. Ẹsẹ̀ Télọ̀ kan ṣoṣo ló dára, kò mọ omi wẹ̀, òkun sì ti ń kún padà. Ìgbì kan wá, ó bo bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

 Réwáyà ò ro nǹkan méjì, ó kàn mọ̀ pé kí òun lọ gbé ọ̀rẹ́ òun ni. Ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Tíṣà di ọrun ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Họ́ọ̀nù," ni Tíṣà sọ, ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ.

 Ó ku díẹ̀ kí Réwáyà tan mọ́tò. Ó ku díẹ̀ kó tẹ họ́ọ̀nù sétí abiyamọ tó fi ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí Télọ̀ ò sì níbi tó máa sá sí. Ó rọra tẹrí ba sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ẹ wá wo wáyà: pupa, pupa, pupa. Òun ló so wọ́n. Ó bojú wo ọ̀kan, ó bojú wo èkejì, ojú rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n mú wọ ilé onílé. Bó bá gé ti họ́ọ̀nù, mọ́tò á jí láì kígbe. Bó bá ṣì í gé, tó jẹ́ èyí tó ń gbé iná lọ sí ẹ́ńjìnnì ló gé, mọ́tò ò ní jí mọ́ rárá, òkun á sì ṣe ohun tó bá wù ú.

Tíṣà ń ròyìn fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní omi ti dé orúnkún Télọ̀. Ó ní Télọ̀ ò mira, ó gbá ìtì igi mú, ó ń wo ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló ní ọ̀pá rẹ̀ ti lọ, omi ti gbé e. Réwáyà ní kó bá òun wá ohun tó mú. Tíṣà ki ọwọ́ sínú báàgì Télọ̀ lẹ́yìn, sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Sísọ́ọ̀sì yẹn, Télọ̀ ò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ pàápàá fi gé bébà. Réwáyà gbà á láì wo ojú Tíṣà.

Ó ṣẹ́jú, ó wá dijú. Níwọ̀n ìgbà tí ojú ò wúlò, ọwọ́ ló kù. Ó ń fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ibi tó wọ̀. Ó rántí pé téèpù ti tán lọ́jọ́ tí òun so ó, pé ọ̀rá ni òun fi wé ibi tí òun so mọ́ họ́ọ̀nù. Ìka rẹ̀ kan ọ̀rá. Inú rẹ̀ dùn, àfi bó ṣe tún kan ọ̀rá mìíràn lára wáyà kejì. Ọ̀lẹ tó wé ọ̀kan ló wé èkejì. Ó bú ara rẹ̀ ní ìbú tí n ò lè sọ níbí.

Tíṣà ní ọmọ erin ti ń lọ bá Télọ̀. Ó fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìyá tẹ̀lé e, etí rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ń mi orí. "Kíá, ọmọ mi," ni Tíṣà wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Réwáyà di wáyà kan mú, ó tẹ̀lé e pẹ̀lú ìka títí dé ibi ihò tó gbà jáde sí iwájú mọ́tò, níbi tí họ́ọ̀nù wà. Ó tún un tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi sísọ́ọ̀sì há a, ó fún un. Kò gé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un, irin jẹ irin, wáyà náà já. Ó jókòó padà, ó wo Tíṣà, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì jí, kò sí igbe kankan.

Erin yí orí sọ́dọ̀ wọn, ó dúró gbọ́, ó sì fi í sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Réwáyà wa mọ́tò bí ẹni tó gbé ẹyin, ó yí po jìnnà sí erin, ó gba inú omi wá sọ́dọ̀ ìtì igi. Omi ń wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ erin sá padà sábẹ́ ìyá rẹ̀. Tíṣà ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó na apá méjèèjì, ó sì wọ́ Télọ̀ sínú mọ́tò bí àpò aṣọ, nígbà náà ni ìyá erin sáré síwájú tìbínú-tìbínú. Iyanrìn fò. Ó dúró lójijì, ó gbin, ó wo bí wọ́n ṣe ń lọ. Réwáyà ò wẹ̀yìn títí wọ́n fi gun títì ní apá kejì abúlé.

 Réwáyà ń retí kí Télọ̀ bú u. Ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Télọ̀ tó ń fi ẹnu gé èèyàn bí aṣọ, ó kàn jókòó sẹ́yìn tó tutù rinrin, sísọ́ọ̀sì tó ti fọ́ lẹ́nu wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì béèrè ohun tó ṣe é. Nígbà tí wọ́n dé ìlú kan tí gáréèjì wà, ló tó la ẹnu. Ó ní kí Tíṣà jọ̀ọ́ bá òun wá bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé.

Réwáyà sọ̀kalẹ̀ wá bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun, wáyà yẹn ti kúrò, kò lè ké mọ́. Ó ní tí àwọn bá délé, òun máa tú gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí mò ń wò nígbà tí mo wà lórí igi yẹn?" Télọ̀ béèrè. "Mi ò wo erin. Èjìká rẹ ni mò ń wò láti inú gíláàsì mọ́tò. Mo rí i tó tẹ̀ síwájú síbi kọ́kọ́rọ́. Mo ní ó parí nìyẹn. Ẹ̀rù erin bà mí o, ṣùgbọ́n kò tó tìẹ."

 Tíṣà ló tètè dá sí i. Ó ní rárá o, sísọ́ọ̀sì ni Réwáyà ń nawọ́ mú, òun wà níbẹ̀, ojú òun ló ṣe. Tíṣà tó na àwọn méjèèjì nítorí irọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ló ń parọ́ yẹn pẹ̀lú ojú tó dúró ṣinṣin, nítorí kí ọ̀rẹ́ méjì má bàa tú ká. Télọ̀ wo Tíṣà, ó wo Réwáyà. Ẹ rí i pé ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ìrònú ti ń tú lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tí Réwáyà ní láti ṣe ju kó dákẹ́ lọ, wọ́n á sì jọ wọ mọ́tò padà sílé.

"Kọ́kọ́rọ́ ni," Réwáyà sọ. "Tíṣà ló dì mí lọ́wọ́ mú. Bí kì í bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ wọn, ǹ bá ti tan án."

Télọ̀ dijú.  Ọmọ gáréèjì ń pariwo pé èèyàn kan ló kù kí bọ́ọ̀sì kún. Tíṣà gbé báàgì lọ síbẹ̀, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Télọ̀ fi ẹsẹ̀ tó dára kanlẹ̀, ó wò yí ká bí ẹni tó ń wá ohun tó máa fi tilẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi Réwáyà.

Ó ní òun ò ní wọ mọ́tò rẹ̀ mọ́, kó gbọ́ ọ dáadáa. Réwáyà ní òun ti gbọ́. Télọ̀ wá na ọwọ́, ó gbé e lé èjìká rẹ̀, èjìká kan náà tó ń wò nínú gíláàsì. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, wọ́n jọ rìn dé ẹnu bọ́ọ̀sì, Télọ̀ sì gùn ún. Ó di ẹnu ilẹ̀kùn kó tó gbé ọwọ́ náà kúrò.